Ìdí Agbọ̀n Ni Mo Máa Ń Wò

Bí ọmọdé kan bá wá bi mí pé, "Màmá, iṣẹ́ wo ni kí n kọ́?", n kì í béèrè bóyá ó mọ ìṣirò tàbí bóyá ara rẹ̀ le. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń bi í: ṣé o lè fura? Tí o kò bá lè fura, wá iṣẹ́ mìíràn, má wá sídìí obì. Èmi obì ni mo tà jẹun, obì ni mo fi tọ́ ọmọ, obì náà ló sì kọ́ mi pé kí n má gba ohunkóhun gbọ́ títí n ó fi rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní ìwà yìí burú. Ó lè burú.

Rahíma, ọmọ Sàláwà ọmọ mi, ló ń kọ ohun tí mò ń sọ yìí. Ó kàwé díẹ̀ ní Ìlọrin, ìdí nìyẹn tó fi lè kọ Yorùbá. Àwọn ọmọ yòókù tí a bí sí Accra níbí ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Twi ni wọ́n fi ń dá èèyàn lóhùn. Èmi kò mọ̀wé rárá. Tí ó bá kọ nǹkan tí n kò sọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Nítorí náà mo ní kí ó máa kà á padà sí mi létí bó ṣe ń kọ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kó máa rẹ́rìn-ín.

Mo ta obì títí di ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Àwọn dókítà sọ pé àrùn rọpárọsẹ̀ lè ti ibẹ̀ wá. Ohun méjì ni wọ́n gbé síwájú mi: oògùn tí n ó máa lò títí ayé mi, tàbí èdídí kékeré kan tí wọ́n á fi dí igun kan nínú ọkàn. Bí mo ṣe yan ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo fẹ́ sọ dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń yan nǹkan.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Accra ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ, bàbá mi kó wa lọ sílé. Ara mi kò gba ibẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ mo padà wá bá àbúrò bàbá mi obìnrin ní Cow Lane, ní Accra níbí. Hájíà ni gbogbo èèyàn ń pè é, kódà kó tó dé Mẹ́kà. Obì gbànja ló ń tà. Láti inú igbó ilẹ̀ Àṣáńtì ni wọ́n ti ń kó o wá fún un. Àwọn Hausa a sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a kó o sínú ọkọ̀ tó gbé iṣu wá sí ọjà Agbogbloshie, kí ọkọ̀ náà má bàa padà sí àríwá lófìfo. Ẹ má bi mí ní iye tó ń san fún mi. Ó ń bọ́ mi, ó ń dá aṣọ fún mi, ó tán.

Ní ọdún àkọ́kọ́, n kò ta ẹyọ obì kan. Ewé ni mò ń fọ̀, tí mò ń nù, tí mò ń tẹ́ sínú agbọ̀n. Lẹ́yìn ewé, ó kan bíbó obì tí a ti rẹ sómi. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan ṣíṣà, ìyẹn yíyọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Hájíà kì í jẹ́ kí n fi ojú ṣà á. Á ní, "Di ojú rẹ." Á kó obì sí mi lọ́wọ́. Ọwọ́ ni mo fi gbọ́dọ̀ mọ èyí tó fúyẹ́ ju bó ti yẹ lọ, èyí tó ń gbóná, èyí tó ní ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́. Tí mo bá sì jẹ́ kí ọ̀kan tí kòkòrò ti wọ̀ kọjá, èmi ni n ó jẹ ẹ́, tòun ti kòkòrò inú rẹ̀.

"Ṣé ó dùn?" Hájíà á bi mí.

"Kò dùn, Hájíà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á ṣe máa sọ. Jẹ ẹ́ tán."

Mo jẹ púpọ̀. Mo sunkún púpọ̀ pẹ̀lú. Nígbà kan mo sá lọ sílé ìyá kan tó ń ta waakye, ìrẹsì tí a sè mọ́ ẹ̀wà, ní ẹ̀bá ọ̀nà, mo ní mo fẹ́ máa bá a ta oúnjẹ. Hájíà wá síbẹ̀, ó ra waakye, ó jókòó tì mí, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ó yá, agbọ̀n mẹ́ta ń dúró dè ọ́." Mo dìde, mo tẹ̀ lé e.

Àṣà kan wà láàárín àwa alóbì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń ta obì ló ń to èyí tó rẹwà sí òkè. Kì í ṣe olè. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọ aṣọ tó dára lọ kírun Jímọ̀. Ṣùgbọ́n kí oníbàárà tó gbà pé òun rà, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé, "Dà á." Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, o gbọ́dọ̀ da agbọ̀n náà dé ìdí sórí ẹní. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ẹyọ kan nínú èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kì í ṣe ìwọ. Á là á, á jẹ apá kan, á fún ọ ní apá kejì kí o jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ìbínú níbẹ̀. Alóbì tó bá ní, "Bí òkè ṣe rí ni ìsàlẹ̀ rí, ṣé o kò gbà mí gbọ́ ni?", ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Hájíà kò ní kí wọ́n da agbọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan yẹn sì ni àjálù wa.

Bàbá kan ará Àṣáńtì ti ń kó obì fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ti lù wọ́n lọ́nà, wọ́n pẹ́ dé. Àlájì oníbàárà wa ti wà ní Agbogbloshie, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ sí àríwá ti ń kùn. Mo tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bàbá náà bá gbé ọwọ́ sókè, ó fi Ọlọ́run búra, ó fi ìyá rẹ̀ búra, pé òjò kò kan obì kankan. Hájíà wo ojú ọ̀run, ó wo ọkọ̀ Àlájì, ó ní, "Ká ẹní yẹn. Ẹ jẹ́ kí obì máa lọ."

Nígbà tí Àlájì padà dé, kò lọ sí Agbogbloshie. Cow Lane ló wá tààrà. Kò kí wa. Ó ní kí àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé e da agbọ̀n méjì sí ẹnu ọ̀nà wa. Obì náà ti dúdú, ó ń yọ omi, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Àwọn èèyàn jáde láti inú ilé. Obìnrin Gã kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá kígbe pé, "Anago, kí ló kú sílé yín?" Ẹ̀rín bú jáde.

Hájíà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ilẹ̀ lásán, pẹ̀lú aṣọ tó dára lára rẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú obì náà, ó mú ẹyọ kan láti ìsàlẹ̀, ó là á, ó jẹ apá kan. Ó na apá kejì sí Àlájì. Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Àlájì wo obì yẹn pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó wọlé lọ yanjú ọ̀rọ̀ wọn. Àlájì ò kúrò lọ́dọ̀ wa mọ́ títí tó fi kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sá fún ẹni tó bá ń búra fún mi.

Èmi náà di ọ̀gá nígbà tó yá, mo ní ìsọ̀ tèmi ní Agbogbloshie. Àwọn Hausa sọ mí ní Mama Goro, góró ni obì lédè wọn. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ewé lọ, láílọ́ọ̀nù dé, àwọn ọmọ ní ewé ń dọ̀tí ọwọ́. Láílọ́ọ̀nù ń mú kí obì làágùn, ẹ kò ní rí i láti òkè. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bu oògùn kòkòrò lé obì tí èèyàn fẹ́ jẹ. Bí obì kan bá ń dán bí bàtà tuntun, n kì í fi ẹnu kàn án. Fóònù ló wá dé kẹ́yìn. Èèyàn á wà ní Kumasi, á ya àwòrán obì, á fi ránṣẹ́, wọ́n á ní kí o fi mómò, owó orí fóònù, sanwó. Àwòrán òkè agbọ̀n ni! Ta ló ya ìsàlẹ̀ rí? Sàláwà tó gba ìsọ̀ lọ́wọ́ mi ní mo ti di ará àtijọ́. Mo ní kó máa ra àwòrán lọ.

Kí Hájíà tó kú, mo rí ohun tí n kò fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fi kẹ́tùlù ṣe àlùwàlá, kẹ́tùlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè é, ó wò mí, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Obìnrin tó ń fi Twi, Gã, Hausa àti Yorùbá ná ọjà láàárín ìṣẹ́jú kan náà, "ẹ, ẹ, ẹ" ló kù sí i lẹ́nu fún ọdún mélòó kan tó tún lò láyé. Á máa tọ́ka, a ò ní mọ ohun tó ń fẹ́. A gbé omi wá, á gbọn orí. A gbé oúnjẹ wá, á gbọn orí, á máa sunkún. Kò sí ẹni tó sọ fún wa ibi tí àìsàn náà ti wá. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é.

Nítorí náà, ikú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí n wà láàárín àwọn ọmọ mi kí n má lè sọ fún wọn ibi tó ń dùn mí.

Ọkàn tèmi bẹ̀rẹ̀ ní ìsọ̀. Á sáré, á dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, á tún sáré. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Sàláwà wọ́ mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n lẹ oríṣiríṣi nǹkan mọ́ mi láyà, ẹ̀rọ wọn ya ìlà gbágungbàgun sórí bébà. Dókítà tó gbà mí jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan tí kò ju Rahíma lọ púpọ̀. Twi ni a jọ ń sọ.

"Màmá, ẹ máa ń jẹ obì?"

"Obì ni mò ń tà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù. Ó lè máa lé ọkàn yín eré."

Mo wo Sàláwà. Mo ní, "Ṣé àwọn wọ̀nyí ti ń ta bísíkíìtì ni, tí wọ́n fẹ́ ba ọjà mi jẹ́?" Dókítà gbọ́ Yorùbá yẹn tàbí kò gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ṣàlàyé pé nígbà tí ọkàn bá ń lù báyìí, ẹ̀jẹ̀ máa ń dúró nínú àpò kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró lè dì. Èyí tó dì lè já, kó gun orí lọ, kó dí ọ̀nà níbẹ̀. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn yé mi, nítorí obì tó há sí igun agbọ̀n tí ọwọ́ kì í dé ló máa ń kọ́kọ́ gbóná. Ó fún mi ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí ilé oògùn fún mi ní páálí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, mo dá a padà. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní oògùn kan náà ni, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Mo ní kó búra. Ó búra. Mo lọ rà á níbòmíràn.

Mo lò ó dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà. Mo subú ní ìsọ̀ níbi tí mo ti lọ wo Sàláwà. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, wọ́n ti okùn tó ní kámẹ́rà gba ọ̀fun mi wọ ikùn, wọ́n rí egbò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ dúró ná. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ èdídí wọlé.

Dókítà fi àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn mí. Waya tín-ínrín àti aṣọ ni, ó rí bí agbòòrùn tí wọ́n ṣe fún eku. Wọ́n á gba iṣan itan gbé e wọlé títí dé ọkàn, wọ́n á ṣí i sí ẹnu àpò kékeré yẹn, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè wọ ibẹ̀ dì mọ́.

"Ṣé ọkàn mi á wá máa lù dáadáa?"

"Rárá, Màmá. Á ṣì máa lù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dì ni a fẹ́ dènà."

"Ṣé mo bọ́ lọ́wọ́ oògùn?"

"Ẹ ó ṣì lò ó fún oṣù díẹ̀, títí ara á fi bo èdídí náà."

"Ta ló máa ṣe é?"

"Àwọn dókítà wa, pẹ̀lú àwọn kan tó ń ti òkè òkun wá kọ́ wa."

"Ṣé ara mi ni ẹ fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?"

Kò bínú. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́, Màmá."

Ilé wa ní Darkuman pín sí méjì. Bàṣírù, ọmọ mi tó wà ní Jámánì, ń pè lójoojúmọ́. "Màmá, nǹkan tuntun nìyí, ibí ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ ṣe é, kí ọkàn mi balẹ̀." Sàláwà á gba fóònù, á ní, "Ọkàn tìrẹ ni wọ́n fẹ́ fi waya sí? Wá síbí kí wọ́n fi sí tìrẹ." Wọ́n á máa bá ara wọn jà lórí ọkàn mi bí ẹni pé n kò sí nínú yàrá. Èmi sì ń rò ó pé: tí mo bá padà sí oògùn, ẹ̀jẹ̀ lè pa mí, tí mo bá gba èdídí, n kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí n kò bá gba nǹkan kan, ẹnu Hájíà ń dúró dè mí.

Nígbà tí a padà lọ, Dókítà ti pe bàbá kan wá fún wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti fi èdídí sí. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun nini. Ó ní ara òun le, ó fò sókè díẹ̀ kí n lè rí i. Mo kí i dáadáa. Nígbà tó jáde, mo sọ fún Sàláwà pé, "Obì òkè agbọ̀n nìyẹn."

Dókítà ní, "Kí ni Màmá sọ?"

Mo ṣàlàyé àṣà wa fún un, bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Mo ní, "Èyí tí ìwọ yàn ni o fi hàn mí. Dà á fún mi. Ẹni tí kò dára fún ni mo fẹ́ rí."

Ó ní, "N kò lè tú àṣírí aláìsàn fún yín. Ṣùgbọ́n mo lè bi ẹnì kan bóyá ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Mo rò pé ó kàn ń lé mi lọ ni. Nígbà tí a tún lọ, obìnrin Gã kan tó sanra ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ni Anago tó ní òun fẹ́ rí obì tó bàjẹ́?"

"Èmi ni."

"Èmi ni obì náà. Jókòó."

Ó fa ọrùn aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi àpá tó sọ̀ kalẹ̀ ní àárín àyà rẹ̀ hàn mí. Ó ní waya náà kan ibi tí kò yẹ kó kàn, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò yí ọkàn òun ká, ni wọ́n bá sáré la àyà òun. Èdídí ò wọlé mọ́. Okùn ni wọ́n fi di igun náà pa nígbà tí wọ́n ti la àyà tán. "Èmi ń sùn ní tèmi," ó ní. "Àwọn ọmọ mi ló rí ìyà. Wọ́n ti ń pín aṣọ mi!"

Mo bi í pé, "Ká ní ó tún di ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣé wàá gbà?"

"Èmi? N kò ní ọ̀nà mìíràn. Oògùn yẹn mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú orí mi. Tí mo bá tún lò ó, ó lè pa mí. Tí n kò bá lò ó, mo lè rọ. Mo máa gbà á, ẹ̀rù á sì bà mí. Ṣùgbọ́n má lọ gbà á nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Àbí oògùn kò bá ọ mu ni?"

"Ó mú mi yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀."

"Ṣé òun ni, àbí nǹkan mìíràn ni?"

Mo yọ obì kan nínú báàgì, mo là á, mo fún un ní apá kan. A jọ jẹ ẹ́. Dókítà ṣí ilẹ̀kùn, ó rí wa. "Màmá!"

"Díẹ̀ ni," ni mo wí.

Nígbà tí a wọlé, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé tábìlì. "Màmá, ẹ ní kí n da tèmi, mo dà á. Ó ku tiyín." Ó na ìka sí báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ mi. "Ẹ dà á."

Báàgì mi? Ṣùgbọ́n àṣà ni àṣà, kò sí ìbínú níbẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀: tẹ̀sùbáà, fóònù, pákò, obì méjì nínú ewé, kọ́kọ́rọ́, ìgò àgbo kékeré kan, oògùn ọsibítù, àti láílọ́ọ̀nù tí kóró oògùn pupa-àti-yẹ́lò wà nínú rẹ̀. Láílọ́ọ̀nù yẹn ló mú.

"Kí nìyí?"

"Ti orókún ni."

"Ṣé ẹ máa ń lò ó?"

"Lójoojúmọ́. Tí n kò bá lò ó, n kò lè foríkanlẹ̀ kírun."

"Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń jò ńkọ́?"

"Mò ń lò ó nígbà náà."

"Màmá, wọ́n bi yín ní wọ́ọ̀dù irú oògùn tí ẹ ń lò."

"Mo sì sọ fún wọn. Oògùn yín ni mo dárúkọ. Èyí kì í ṣe oògùn, ti orókún ni."

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù rí ní Agbogbloshie mọ ohun tí mò ń sọ. Obìnrin kan máa ń gbé e kiri nínú abọ́ lórí, gbogbo àwa alájàpá là ń gbé e mì bí ẹni jẹ ẹ̀pà ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń kà á sí oògùn. Oògùn ni ohun tí dókítà kọ fún èèyàn tó ń ṣàìsàn.

Dókítà ní irú kóró yẹn máa ń dá egbò sí ikùn, tí ó bá sì pàdé oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ lè jò bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi. Mo bi í bóyá òun ló fà á.

"N kò lè búra, Màmá. Ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun nìkan. Ṣùgbọ́n kí a tó fi waya wọ inú ọkàn yín, èmi fẹ́ mọ bí oògùn yẹn ṣe máa ṣe nígbà tí èyí kò sí nínú ikùn yín."

"Tí mo bá tún yàgbẹ́ dúdú ńkọ́?"

"Ẹ ó wá lọ́jọ́ náà gan-an, a ó sì sọ̀rọ̀ èdídí. Kò lọ síbì kankan."

"Ṣé ẹni tó ń lo oògùn yìí dáadáa kì í rọ rárá?"

"Àwọn kan ṣì máa ń rọ, Màmá. Ti èdídí náà bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ń dín in kù ni."

Kò sí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi rí nípa ọjà tó ń tà. Mo ṣì fura. Mo rò ó pé bóyá àwọn tó ń ti òkè òkun wá kò wá mọ́ ni, bóyá ó kàn ń wá ohun tó máa fi dá mi dúró. Mo rò ó láti ọsibítù títí tí tròtrò fi gbé wa dé Darkuman. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìdí agbọ̀n méjèèjì. Nínú ti èdídí, obìnrin tí kò ní ọ̀nà mìíràn ni mo bá níbẹ̀. Nínú ti oògùn, èmi fúnra mi ni mo bá, pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù orókún lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà tèmi kò tíì tán. Mo padà sí oògùn, wọ́n fi èyí tó ń bo ikùn kún un. Sàláwà gba láílọ́ọ̀nù náà, ó dà á sí ṣálángá lójú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, iye àwọn tó ń ṣa obì ti dín kù, ẹ lè wá. Mo ṣì lè di ojú yín, kí n kó obì sí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa ní kí ọmọlàkejì da agbọ̀n rẹ̀, kí ó múra láti da tirẹ̀ náà. Ìdajì iṣẹ́ yẹn ni Hájíà kò rí àyè kọ́ mi.

Ìgbẹ́ mi kò tíì tún dúdú, mò ń wò ó lójoojúmọ́. N kò sọ pé ó ti tán. Orí àga ni mo ti ń kírun báyìí, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, bí arúgbó.

Bàṣírù bínú pé n kò gba èdídí. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá ó pè mí pẹ̀lú àwòrán, ó rí mi bí mo ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ jókòó.

"Màmá, ẹ wo bí ẹ ṣe ń rìn. Ṣé orókún yẹn kò dùn yín ni?"

Mo ní ó ń dùn mí. Mo ní tí mo bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, apá inú rẹ̀ ló ń dùn mí, bí ẹni fi ọ̀bẹ yọ́ wọ ibẹ̀. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn mọ́sálásí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó ń gùn dé itan. Tòsì ju tọ̀tún lọ. Bí mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ yìí, ó ń dùn mí.

"Ó ti tó, Màmá. Mo ti gbọ́."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ló yé ọ?"

"Gbogbo rẹ̀ ló yé mi."

Mo ní, "Alhamdulilahi."